Orí 9: Awọ Ara Lẹ́yìn Ìgbìn Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀

Ète orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- sọ ohun tí ìgbìn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ jẹ́, àti ìdí tí a fi ń ṣe é fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀;
- ṣàlàyé bí sẹ́ẹ̀lì tí a gbìn ṣe ń kọjú ìjà sí ara tó gbà á;
- ya àrùn awọ tó tètè dé sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó pẹ́;
- dárúkọ díẹ̀ nínú àwọn àrùn awọ tó ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ìgbìn sẹ́ẹ̀lì;
- dá àmì àwọn àrùn wọ̀nyí mọ̀ lára aláwọ̀ dúdú.

Ènìyàn lè bọ́ lọ́wọ́ lùkímíà pátápátá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n má rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan ṣoṣo níbẹ̀, síbẹ̀ kí ó má lè ká ìka ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Awọ apá rẹ̀ ti le. Ojú rẹ̀ ti ṣú ní apá kan, ó ti funfun ní apá kejì. Ata tó ti ń jẹ láti kékeré kò ṣeé fi kan ẹnu mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó gbà á lọ́wọ́ ikú ló ń bá awọ rẹ̀ jà.

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara tí ìjà yìí lè dé, awọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fi àmì hàn. Òun sì ni nọ́ọ̀sì, aláìsàn tàbí ìyá aláìsàn lè fi ojú lásán rí láìdúró de ẹ̀rọ. Nítorí náà, ẹni tó bá mọ awọ kà lè tètè gba ẹ̀dọ̀, ìfun àti ẹ̀dọ̀fóró náà sílẹ̀.

9.1 Ohun tí a ń gbìn, àti bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nídìí iṣẹ́ náà ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tó lè bí irú ara rẹ̀, tó tún lè di sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì funfun tàbí platelet tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni orúkọ àpapọ̀ fún lùkímíà, lìmfómà, màyẹlómà àti àwọn àrùn tó bá wọn tan, tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ̀ láìgbọ́ràn sí ara.

Ìgbìn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ túmọ̀ sí pé a kọ́kọ́ fi kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìtànṣán, pa mùdùnmúdùn tó ti bàjẹ́, lẹ́yìn náà a fa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tuntun sínú iṣan aláìsàn bí a ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ síni lára. Sẹ́ẹ̀lì náà yóò wá ọ̀nà ara rẹ̀ dé inú eegun, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. A lè rí i láti inú eegun ìbàdí, láti inú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn nínú iṣan, tàbí láti inú ìwọ́ ọmọ tuntun. Ẹni tó fi sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ni olùtọrẹ. Ẹni tó gbà á ni olùgbà. Sẹ́ẹ̀lì tó ti ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ lọ sára ẹni kejì ni àgbìn. Nígbà mìíràn, sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ni a ń kó pamọ́ tí a ń dá padà fún un. Orí yìí kàn án díẹ̀, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó wá láti ara ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ jù.

Iṣẹ́ náà gba ẹ̀mí púpọ̀ kó tó dúró. Ní ọdún 1957, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, E. Donnall Thomas, tẹ ìròyìn jáde nípa aláìsàn 6 tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fa mùdùnmúdùn ẹlòmíràn sí lára. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pẹ́ láyé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1958, ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní ibùdó ìwádìí átọ́míìkì Vinča, nítòsí Belgrade, ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Yugoslavia nígbà náà. Ìtànṣán ba ara ènìyàn 6 jẹ́. Wọ́n gbé wọn lọ sí Paris, níbi tí dókítà Georges Mathé ti fa mùdùnmúdùn àwọn ará Faransé tó yọ̀ǹda ara wọn sí 5 nínú wọn lára. Ẹnì kan kú, àwọn yòókù padà sílé.

Thomas kò jáwọ́. Ó lọ sí Seattle, ó kó àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti àwọn onímọ̀ ìtànṣán jọ síbẹ̀, títí ìgbìn mùdùnmúdùn fi di ìtọ́jú gidi fún lùkímíà. Ní 1990, òun àti Joseph Murray, tó ṣe aṣáájú nínú ìpààrọ̀ kíndìnrín, jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

9.2 Ìdí tí àgbìn fi ń kọlù ara

Kí ìkọlù yìí tó hàn kedere lára ènìyàn, ó ti hàn lára eku. Àwọn olùwádìí ọdún 1950 síwájú fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn eku, wọ́n sì fi ti eku mìíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn eku náà kọ́kọ́ gbádùn. Nígbà tó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rù, wọ́n ń yàgbẹ́ gbuuru, awọ wọn sì ń bàjẹ́. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní GVHD nìyẹn. Nínú ìwé yìí, àrùn àgbìn-kọlù-ara ni a ó máa pè é: àìsàn tó ń wáyé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì funfun olùtọrẹ bá ka ara olùgbà sí ohun àjèjì tó sì gbógun tì í.

Ní 1966, olùwádìí Rupert Billingham to ohun 3 tó gbọ́dọ̀ pé kí àrùn yìí tó lè wáyé. Èkínní, àgbìn gbọ́dọ̀ ní sẹ́ẹ̀lì tó lè jà nínú. Èkejì, ara olùgbà gbọ́dọ̀ ní àmì kan tí kò sí lára olùtọrẹ. Ẹ̀kẹta, ara olùgbà gbọ́dọ̀ ti rẹ̀ débi pé kò lè lé àgbìn náà jáde. Bí àlejò tó wọlé tó wá fẹ́ lé onílé síta ni ọ̀rọ̀ náà rí, ìgbà tí onílé kò sì lágbára mọ́ ni ó tó lè ṣe é.

Àwọn àmì tí Billingham ń sọ kì í ṣe ohun àwámáàrídìí. Èyí tó lágbára jù nínú wọn ni HLA, ìyẹn àwọn prótéènì ìdánimọ̀ tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì, tí ọmọ ń jogún ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá àti ìdajì lọ́wọ́ ìyá. Ọmọ ìyá àti bàbá kan náà ní ànfààní 25 nínú 100 láti bára mu pátápátá. Bíbára mu yìí ń dín ìjà kù, kò pa á rẹ́, nítorí àwọn àmì kéékèèké mìíràn ṣì wà tí ó lè yàtọ̀. Àpẹẹrẹ kan tó yé ni pé bí obìnrin tó ti bímọ bá fún ọkùnrin ní sẹ́ẹ̀lì, ewu àrùn tó pẹ́ ń pọ̀ sí i, torí pé àwọn prótéènì kan wà lára ọkùnrin tí sẹ́ẹ̀lì obìnrin kò mọ̀ ní tirẹ̀.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ awọ? Kímò àti ìtànṣán tí a fi ń palẹ̀ mọ́ fún àgbìn kò mọ mùdùnmúdùn nìkan. Wọ́n ń pa awọ àti ìfun lára pẹ̀lú. Ara tó fara pa ń ké sí ètò ààbò ara, sẹ́ẹ̀lì T ti olùtọrẹ, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń gbógun ti ohun àjèjì, ló sì ń jẹ́ ìpè náà. Ìsàlẹ̀ awọ òkè àti ìdí irun, níbi tí awọ ti ń tún ara rẹ̀ bí, ni wọ́n ń dojú kọ jù.

Ohun kan wà tó mú kí ìtọ́jú àrùn yìí ṣòro. Sẹ́ẹ̀lì T kan náà tó ń jẹ awọ níyà ló ń wá ìyókù jẹjẹrẹ kiri tó ń pa á. Àwọn aláìsàn tó ní àrùn àgbìn-kọlù-ara díẹ̀ kì í sábà rí kí lùkímíà padà wá bíi ti àwọn tí kò ní in rárá. Dókítà tó bá fi oògùn pa ìjà náà tán pátápátá lè ṣílẹ̀kùn fún jẹjẹrẹ.

9.3 Àrùn awọ tó tètè dé

Láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 lẹ́yìn ìgbìn ni àrùn àgbìn-kọlù-ara tó tètè dé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ lè máa ta aláìsàn tàbí kí wọ́n máa yún un kí ojú tó rí ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni nǹkan yóò sú jáde sí etí, ẹ̀yìn ọrùn, ojú àti èjìká, tí yóò sì máa tàn lọ sí àyà àti ẹ̀yìn. Bí ó bá le, awọ yóò lé ròrò, yóò sì máa bó bí awọ ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára.

Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò káàkiri ayé wá láti inú iṣẹ́ tí Glucksberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1974:

1. Ìpele 1: ohun tó sú kò tó 25 nínú 100 awọ ara.
2. Ìpele 2: ó wà láàárín 25 sí 50.
3. Ìpele 3: ó ju 50 lọ.
4. Ìpele 4: gbogbo ara ló ti yí padà, ó sì ti ń lé ròrò.

Láti mọ iye awọ tó bàjẹ́, à ń ka orí sí 9, apá kọ̀ọ̀kan sí 9, iwájú ara sí 18, ẹ̀yìn sí 18, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí 18, ojú ara sí 1. Ká ní nǹkan sú sí gbogbo àyà àti ikùn aláìsàn kan, ó sì tún sú sí apá rẹ̀ méjèèjì. 18 àti 9 àti 9 jẹ́ 36. Ìpele 2 nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá sú lẹ́yìn ìgbìn ni ìjà àgbìn. Oògùn kòkòrò lè fa irú rẹ̀, kòkòrò àìfojúrí lè fà á, kímò fúnra rẹ̀ sì lè mú kí abẹ́ apá àti àárín itan ṣú. Bákan náà, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, ara lè gbóná kí nǹkan sì sú fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó gba sẹ́ẹ̀lì ara rẹ̀ padà pàápàá lè ní irú àrùn yìí tó rọra, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Wọ́n lè gé awọ díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò, kí wọ́n wo bóyá sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ awọ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan tí sẹ́ẹ̀lì T sì yí wọn ká. Àmì yẹn ń ranni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n oògùn lè fa èyí tó jọ ọ́ gan-an, nítorí náà ìtàn aláìsàn, ìfun rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ó fi kún un kí a tó dájọ́.

9.4 Àrùn awọ tó pẹ́

Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 100 ni wọ́n fi ṣe ààlà: ohun tó bá dé ṣáájú rẹ̀ ni èyí tó tètè dé, ohun tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó pẹ́. Ní 2005, àwọn onímọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, NIH, kó jọ fohùn ṣọ̀kan pé irú àmì tó wà lára ni kí a máa wò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà.

Àrùn àgbìn-kọlù-ara tó pẹ́ máa ń mú nǹkan bí 30 sí 70 nínú 100 àwọn tó gba sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn, awọ ló sì ń bá jà jù. Ní 1980, Howard Shulman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle tẹ ìròyìn nípa aláìsàn 20 jáde. Ìròyìn náà fi hàn pé àrùn yìí jọ àwọn àrùn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà ju bó ṣe jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́ lọ.

*Èyí tó jọ lichen planus.* Kókó kéékèèké tí orí wọn tẹ́ ló máa ń yọ, ní àwọ̀ àlùkò tàbí dúdú, sí ẹ̀yìn ọwọ́, ẹsẹ̀, ẹ̀yìn àti àyíká ojú. Nínú ẹnu, ìlà funfun tín-ín-rín máa ń hun ara wọn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ata, ọsàn àti ọbẹ̀ gbígbóná a sì di ohun ìnira. Èékánná a máa là, a máa tín-ín-rín. Awọ ìdí rẹ̀ lè gun orí rẹ̀ wá kí èékánná má hù mọ́.

*Poikiloderma.* Awọ yóò fẹ́lẹ́, ibi dúdú àti ibi tó mọ́ yóò dàpọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké yóò sì yọ. Ojú àti ọrùn ló ń fẹ́ràn jù.

*Awọ líle.* Èyí ló ń sọ ènìyàn di aláàbọ̀ ara. Nínú àrùn awọ líle, okun prótéènì tí ara fi ń di ọgbẹ́ ń kóra jọ sínú awọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lè wà lókè nìkan, kí ibì kan máa dán kí ó sì gan bí ẹni pé wọ́n fà á pọ̀. Ibi tí aṣọ ń há mọ́ra, pàápàá ìbàdí níbi tí bẹ́líìtì tàbí rọ́bà pátá ń dúró sí, ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ó sì lè jìn dé ọ̀rá àti dé fáṣíà, ìyẹn awọ tín-ín-rín tó bo iṣan ara. Nígbà náà, bí aláìsàn bá na apá sókè, ojú ọ̀nà iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò wọnú bí poro.

Nígbà tí fáṣíà bá wú báyìí, a ń pè é ní fasciitis. Lawrence Shulman ti Johns Hopkins ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú rẹ̀, ní 1974, lára àwọn tí wọn kò gbin nǹkankan fún. Òun kọ́ ni Howard Shulman ti Seattle. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra kó má pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ohun tí awọ líle ń ṣe ju ẹwà lọ. Oríkèé ọwọ́ àti ìgúnpá yóò ká kò, aláìsàn kò sì ní lè pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n kan ara wọn pátápátá. Àyẹ̀wò tí nọ́ọ̀sì lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Bí àyà bá gan, mímí yóò di iṣẹ́. Irun a máa re. Ẹ̀yà tó ń ṣe òógùn a máa kú, ooru ọ̀sán sì lè dá ẹni tí kò lè laágùn mọ́ dùbúlẹ̀. Ọgbẹ́ tó bá dá sójú awọ líle kì í fẹ́ jinná.

9.5 Àwọn tó ṣọ̀wọ́n

Àwọn àrùn kan wà tí dókítà awọ lè ṣiṣẹ́ títí kí ó má rí ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ.

Angiomatosis jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó ń hù pọ̀ bí èso sójú awọ tó ti le, ní ẹsẹ̀ jù. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ó ń dunni, kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ní àmì dúdú tó tò sójú awọ tó gan, débi tí awọ wọn fi dà bíi ti àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn dókítà mọ̀ pé èyí lè ṣáájú awọ líle tó tàn ká. Bullous pemphigoid, tí ara fi ń ṣe prótéènì tó ń já awọ òkè kúrò lára ìpìlẹ̀ rẹ̀ tó ń mú un lé ròrò, náà ti wáyé lára àwọn díẹ̀ lẹ́yìn ìgbìn.

Vitiligo yẹ fún àlàyé díẹ̀ sí i. Nínú rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń fún awọ ní àwọ̀ yóò parẹ́, ibẹ̀ yóò sì di funfun. Ìjà àgbìn lè fà á. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, olùtọrẹ fúnra rẹ̀ ló ní vitiligo, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì gbé e wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni psoriasis ti bá sẹ́ẹ̀lì olùtọrẹ dé ara ẹni tí kò ní in rí. Ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó ní psoriasis tẹ́lẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó gba sẹ́ẹ̀lì ẹni tí kò ní in. Ibi yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti lè rí i dájú pé inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni gbòǹgbò àwọn àrùn awọ kan wà.

Jẹjẹrẹ awọ ni èyí tó ń dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ìtànṣán tí wọ́n fi ra gbogbo ara, oògùn tó ń tẹ ètò ààbò ara mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àti voriconazole, oògùn olú inú ara tó ń mú kí oòrùn tètè pa awọ lára, ń fi kún ewu rẹ̀. Ọgbẹ́ tí kò jinná, kókó tó ń dàgbà tàbí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀ láìsí ìdí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

9.6 Àmì lára aláwọ̀ dúdú

Púpọ̀ nínú àwòrán tó wà nínú ìwé ìṣègùn, ara òyìnbó ni wọ́n ti yà á. "Awọ yóò pọ́n" ni ìwé ń sọ. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn lè jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ó lè jẹ́ àwọ̀ eérú, ó lè kàn dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, ó sì lè má hàn rárá. Nọ́ọ̀sì tó ń wá pupa yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí nǹkan, àrùn yóò sì gòkè láti ìpele 1 dé ìpele 3 lójú rẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ni kí a máa fi yẹ awọ dúdú wò, ọwọ́ ni kí a sì fi kún ojú. Kí a fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ibẹ̀: ṣé ó gbóná ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ? Ṣé ó ń ha bí yanrìn? Ṣé ó ṣeé fi ìka méjì mú sókè, àbí ó ti lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀? Kí a wo àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀, inú ẹnu àti ẹyinjú, níbi tí àwọ̀ dúdú kò pọ̀. Kí a bi aláìsàn léèrè bóyá awọ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí bó ṣe mọ̀ ọ́n, kí a sì fi wé fọ́tò tí wọ́n yà ṣáájú ìgbìn. Ìdáhùn aláìsàn lórí ìbéèrè yìí sábà máa ń ṣáájú ojú dókítà.

Ìbéèrè nípa ìgbé ayé náà ṣe pàtàkì. Ẹni tí kò lè kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ mọ́, tí kò lè lóṣòó, tàbí tó ń yẹra fún ata rodo tó fẹ́ràn, ti ń sọ nípa oríkèé, fáṣíà àti ẹnu rẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́yìn tí ìjà bá rọlẹ̀, àpá dúdú lè wà fún oṣù púpọ̀. Àpá nìyẹn, kì í ṣe àmì pé àrùn ṣì ń jà, kò sì yẹ kí a tìtorí rẹ̀ fi oògùn kún oògùn.

Àṣìṣe mẹ́ta ló sábà máa ń fa ìdádúró láwùjọ wa. Àwọn kan a rò pé kùrúnà tàbí làpálàpá ni, wọn a fi kànìnkànìn líle ha á, awọ tó ti fẹ́lẹ́ a sì bó. Àwọn kan a fi ìpara ìbóra pa àpá dúdú náà. Ọ̀pọ̀ ìpara bẹ́ẹ̀ ní sítẹ́rọ́ìdì líle tí wọn kò kọ sára rẹ̀, èyí tó ń bo àmì àrùn tó sì ń sọ awọ di ahẹrẹpẹ. Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù: nígbà tí ibi funfun bá yọ lára ẹni, ẹ̀tẹ̀ ni ará àdúgbò kọ́kọ́ ń rò. Vitiligo kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kì í ranni, àrùn àgbìn-kọlù-ara pẹ̀lú kì í ranni.

9.7 Ìtọ́jú

Ìdènà ló ṣáájú. Láti ọjọ́ ìgbìn ni wọ́n ti ń fún aláìsàn ní oògùn bíi ciclosporin tàbí tacrolimus pẹ̀lú methotrexate, kí sẹ́ẹ̀lì T má baà dìde jù. Ní Johns Hopkins ní Baltimore, àwọn dókítà fi hàn pé bí wọ́n bá fún aláìsàn ní cyclophosphamide ní ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 4 lẹ́yìn ìgbìn, ó ń pa sẹ́ẹ̀lì T tó ti bẹ̀rẹ̀ ìjà, ó sì ń dá sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ sí. Ọ̀nà yẹn ló jẹ́ kí òbí tàbí ọmọ tó bára mu ní ìdajì péré lè di olùtọrẹ.

Bí àrùn bá ti mú awọ, sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ìpara fún èyí tó kéré, èyí tí a ń gbé mì tàbí tí a ń gún fún èyí tó tàn. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Fún àwọn yòókù, ọ̀nà kan ni photopheresis, tí Richard Edelson ti Yale gbé jáde ní 1987 fún lìmfómà inú awọ. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ jáde, wọ́n á ya sẹ́ẹ̀lì funfun sọ́tọ̀, wọ́n á po oògùn kan mọ́ ọn, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ ultraviolet sí i, wọ́n á sì dá a padà sínú iṣan. Ó wúlò fún awọ líle, kò sì tẹ ètò ààbò ara mọ́lẹ̀ bí sítẹ́rọ́ìdì.

Títí di 2017, kò sí oògùn kan tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún àrùn tó pẹ́ yìí; ọdún yẹn ni wọ́n fọwọ́ sí ibrutinib. Belumosudil àti ruxolitinib tẹ̀ lé e ní 2021, axatilimab ní 2024. Belumosudil ń dí ọ̀nà tí awọ fi ń le mọ́ra.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ìyókù. Kí aláìsàn máa fi ìpara tí kò lóòórùn dídùn tàbí faslíìnì pa awọ, kí ó máa wọ fìlà tàbí mú agbòòrùn dání, torí oòrùn lè tún ru àrùn náà sókè. Kí ó máa na oríkèé lójoojúmọ́ lọ́dọ̀ onímọ̀ físíò. Kí ó má ṣe jẹ èso grapefruit, kí ó má sì mu àgbo láìsọ fún dókítà, nítorí àwọn ohun kan ń yí ìwọ̀n tacrolimus àti ciclosporin inú ẹ̀jẹ̀ padà.

9.8 Wíwá olùtọrẹ

Bí àgbìn bá ṣe bára mu tó ni awọ ṣe máa ń bọ́ lọ́wọ́ ewu tó. Ìwádìí kan tó jáde ní 2014 lórí àkójọ orúkọ olùtọrẹ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé òyìnbó tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù ní ànfààní 75 nínú 100 láti rí ẹni tó bá a mu pátápátá. Fún àwọn aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, 19 ni. Fún àwọn tó wá láti Áfíríkà, 18. HLA àwa aláwọ̀ dúdú yàtọ̀ síra púpọ̀, àwọn tó sì forúkọ sílẹ̀ nínú wa kò pọ̀.

Ṣeun Adébíyì, agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, mọ ìyẹn lára rẹ̀. Ní 2009, wọ́n rí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, kò sì rí olùtọrẹ tó bá a mu nínú àkójọ. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ, tí ìyá kan ọmọ Nàìjíríà fi tọrẹ, ni wọ́n fi gbà á là. Ó wá dá àkójọ olùtọrẹ mùdùnmúdùn sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2012, ní Enugu. Ọdún kan ṣáájú, ní 2011, Dókítà Nosa Bazuaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin ti ṣe ìgbìn mùdùnmúdùn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, fún ọmọkùnrin kan tó ní síkù sẹ́ẹ̀lì, tí àwọn èèyàn wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde.

Kókó orí yìí

Sẹ́ẹ̀lì funfun olùtọrẹ ló ń fa àrùn àgbìn-kọlù-ara, awọ ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Èyí tó tètè dé máa ń sú, a sì ń fi iye awọ tó bàjẹ́ wọ̀n ọ́n; èyí tó pẹ́ lè jọ lichen planus, ó lè jẹ́ poikiloderma, ó sì lè sọ awọ di líle. Angiomatosis, vitiligo àti bullous pemphigoid wà lára àwọn tó ṣọ̀wọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, ọwọ́, ìbéèrè àti fọ́tò àtijọ́ ń fi ohun tí ojú nìkan kò rí hàn.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: àgbìn, HLA, sẹ́ẹ̀lì T, àrùn awọ líle.
2. Dárúkọ ohun 3 tí Billingham sọ, kí o sì sọ èyí tí kímò ń mú ṣẹ nínú wọn.
3. Nǹkan sú sí gbogbo ẹ̀yìn aláìsàn kan, orí rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kò sì lé ròrò. Ṣírò iye awọ tó bàjẹ́, kí o sì sọ ìpele rẹ̀.
4. Kí ló dé tí dókítà kì í fi oògùn pa ìjà àgbìn tán pátápátá lára ẹni tó ní lùkímíà?
5. Obìnrin kan tó gba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọdún kan sẹ́yìn sọ pé ata ń ta òun lẹ́nu, ìbàdí òun sì ti ń gan níbi tí òun ń so ìró mọ́. Kọ ìbéèrè 4 tí o máa bi í àti ibi 4 tí o máa yẹ̀ wò lára rẹ̀.
6. Mú àwòrán àrùn awọ kan tó pọ́n nínú ìwé ìṣègùn èyíkéyìí. Kọ ìpínrọ̀ kan fún nọ́ọ̀sì tuntun, kí o ṣàpèjúwe bí àrùn náà yóò ṣe hàn lára aláwọ̀ dúdú.